Alágbàtọ́ Ẹran: Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ló Ti Ṣẹ̀, Kì í Ṣe London

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀mọ̀wé léèrè ibi tí ètò owó àti àkóso ilé ìsádi ẹranko ti ṣẹ̀ wá, London ni wọn yóò nawọ́ sí. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé lèmi nawọ́ sí, níbi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́.

Kí òyìnbó tó dé la ti ń fún ara wa lẹ́ran sìn. Ẹni tó ní abo ewúrẹ́ tí kò ráyè tọ́jú rẹ̀ á fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bó bá bímọ, wọn a pín in. Kò sí ìwé, àmọ́ ìṣirò wà: ẹ̀ẹ̀melòó ló bí, akọ mélòó, èwo ló kú? Tí ọ̀kan bá kú, ẹni tó ń sìn ín kì í kàn fẹnu sọ ọ́. Ìyá mi àgbà ní awọ ẹran náà ni wọ́n ń béèrè, torí ẹni tó ta ewúrẹ́ lọ́jà lè dé pẹ̀lú ẹkún. Ohun tí àwọn oníṣirò ń pè ní ọ́díìtì nìyẹn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà, alágbàtọ́. Gbà á, kí o tọ́ ọ. Òun là ń pe ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, òun náà ló sì bá ẹni tí ẹgbẹ́ fi ohun ìní rẹ̀ sí lọ́wọ́ (trustee) mu.

Mo rò pé ìgbà ogun ló mú àṣà yìí gbilẹ̀ n'Ìbàdàn. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọdún 1893 ni wọ́n tó tú ká. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ta ló ń bọ́ ẹran àwọn tó wà lójú ogun? Ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan gbà á tọ́, ó sì ní láti jẹ́ pé ó jíyìn nígbà tí wọ́n dé. Àwọn jagunjagun Ìbàdàn kọ́ lẹ ó sọ fún pé ewúrẹ́ wọn sọnù. Ní ti owó, èésú wà nílẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa: iye tí gbogbo wọn fẹnu kò sí, ọjọ́ tí kì í yẹ̀, olórí tó ń gbà á, kí àpapọ̀ rẹ̀ máa kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

London ńkọ́? Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1824 láti gbèjà ẹranko jẹ gbèsè débi pé Arthur Broome, àlùfáà tó jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣẹ̀wọ̀n lórí gbèsè náà. Ẹgbẹ́ tí kò mọ èésú ni wọ́n ní ó wá kọ́ wa!

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí ẹran tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó di ọgbà ńlá ní 1974. Àpò ilé ìwé ló ń bọ́ ọ. Ọgbà Agodi, tí wọ́n ṣí ní 1967, ti ìjọba ni. Omíyalé Ògùnpa sì bà á jẹ́ ní 1980. Kò sí alágbàtọ́ nínú méjèèjì.

Òfin ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1990 (CAMA) wá fún ẹgbẹ́ aláàánú láyè láti forúkọ àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2020 fún àjọ ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ (CAC) lágbára láti dá wọn dúró bí owó bá pòórá. Àwọn ìjọ pariwo gan-an. Ẹnikẹ́ni ò rántí pé ẹgbẹ́ ẹranko náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Ibì kan ni òfin náà ti yà kúrò lọ́nà wa: owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ di ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pín. Wọ́n lè sanwó iṣẹ́ fún ẹni tó ń gbá ilé ẹran, àmọ́ ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ gbowó oṣù níbẹ̀. Ìyá mi àgbà, tó fi ọmọ ewúrẹ́ tó pín sanwó ilé ìwé bàbá mi, kò ní fọwọ́ sí ìyẹn láéláé.