Sítóòfù Wo Ló Bá Òfin Èéfín Mu Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹni tó bá ti fi igi tútù dáná rí mọ èéfín dáadáa. Iná á kọ̀, kò ní jó geere, omi á máa hó yọ lẹ́nu igi, ojú á máa ta, abẹ̀bẹ̀ ò sì ní kúrò lọ́wọ́. Bó bá ṣe igi àyín tó gbẹ dáadáa ni, tí wọ́n sì tò ó kí atẹ́gùn lè gba àárín rẹ̀ kọjá, iná á máa jó làùlàù, èéfín á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ohun tó mú kí iná méjèèjì yàtọ̀ síra ni ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ kó tó náwó lé sítóòfù, ìyẹn ààrò irin onílẹ̀kùn tí wọ́n ń jó igi tàbí èédú nínú rẹ̀ láti mú ilé gbóná, ní ìlú tí òfin ti ń ṣọ́ èéfín.

Igi fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń di ọwọ́ iná. Bí ooru bá kàn án, omi inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde. Lẹ́yìn náà ni ara igi á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, á di gáàsì àti ọ̀dà wẹ́wẹ́. Gáàsì yìí ló ń jó tí à ń rí ọwọ́ iná. Bí ibẹ̀ bá gbóná tó, tí atẹ́gùn sì kárí, gáàsì náà á jó tán. Bí ibẹ̀ bá tutù tàbí tí atẹ́gùn kò tó, á sá jáde láìjó, á tutù lójú ọ̀nà, á sì di èéfín. Èéfín jẹ́ igi tí a fowó rà, tó ń gba orí òrùlé sá lọ kó tó mú ilé gbóná.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èéfín ti pa èèyàn rẹpẹtẹ. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, òtútù mú ní London, atẹ́gùn kò fẹ́, èéfín èédú láti inú ilé àti ilé iṣẹ́ kò sì rí ibi gbà lọ. Ó dàpọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo ìlú débi pé àwọn awakọ̀ kò rí iwájú. Iye òkú tí wọ́n kọ́kọ́ kà tó 4,000; àwọn onímọ̀ tó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ní ó lè tó 12,000. Ní 1956 ni ilé aṣòfin ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́, tó fún àwọn káńsù lágbára láti ya àdúgbò sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbègbè ìdènà èéfín. Òfin ọdún 1993 ló rọ́pò rẹ̀, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí i.

Apá tó pọ̀ jù nínú London wà lábẹ́ òfin yìí, títí kan àdúgbò bíi Peckham tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ilé àtijọ́, tí wọ́n ti kọ́ láti ayé Ọbabìnrin Victoria, kún ibẹ̀, ihò èéfín sì ṣì wà nínú ògiri pálọ̀ wọn. Èèyàn á ra irú ilé bẹ́ẹ̀, á rí ojú ààrò àtijọ́ náà, á sì rò pé òun kàn lè to igi síbẹ̀ kí òun ṣáná sí i. Kó kọ́kọ́ wo ìkànnì káńsù rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ilé náà wà nínú agbègbè ìdènà èéfín. Ní England, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022, káńsù lè bu owó ìtanràn £175 sí £300 lé ilé tí èéfín ń jáde láti orí òrùlé rẹ̀ ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì lọ ra ohun ìdáná tí òfin kò fọwọ́ sí, láti jó o nínú sítóòfù tí òfin kò yọ̀ǹda, lè san tó £1,000. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn. (Ààrò tí wọ́n fi ń sun ẹran ní gbangba ẹ̀yìnkùlé nígbà ìnáwó kò sí nínú èyí, níwọ̀n ìgbà tí èéfín rẹ̀ kò bá ti gba ihò òrùlé ilé kankan jáde. Ṣùgbọ́n bó bá ń yọ aládùúgbò lẹ́nu, òfin mìíràn wà tó lè mú un.)

Ọ̀nà méjì ni òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dáná nínú agbègbè yìí. Àkọ́kọ́ ni kó máa jó kìkì ohun ìdáná tí kì í rú èéfín: anthracite, ìyẹn èédú líle tí ọ̀dà inú rẹ̀ kéré, tàbí èédú tí wọ́n rọ ní ilé iṣẹ́ tó wà lórí àkọsílẹ̀ ìjọba. Ìkejì ni kó ra sítóòfù tí wọ́n ti dán wò, tí ìjọba sì yọ̀ǹda. Igi kò sí nínú ohun ìdáná tí òfin fọwọ́ sí, bó ti wù kó gbẹ tó. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jó igi kò ní ọ̀nà mìíràn ju sítóòfù tí wọ́n yọ̀ǹda lọ. Defra, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó àyíká, ló ń gbé orúkọ àwọn sítóòfù wọ̀nyí jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń kó sí wàhálà rèé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2022, gbogbo sítóòfù tuntun tí wọ́n bá ń tà gbọ́dọ̀ bá ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Ecodesign mu. Àwọn òǹtajà sì máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ọjà. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn àti ìyọ̀ǹda Defra kì í ṣe ohun kan náà. Ecodesign ń wo ìdá tó ń di ooru inú yàrá lára ohun ìdáná àti iye eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń jáde. Ìyọ̀ǹda Defra ń béèrè iye gíráàmù èéfín tí sítóòfù ń tú ní wákàtí kan, títí kan ìgbà tí wọ́n bá dín iná rẹ̀ kù: kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, pẹ̀lú gíráàmù 0.1 fún kílówáàtì 0.3 kọ̀ọ̀kan nínú agbára ooru rẹ̀. Fún sítóòfù kílówáàtì 5, ìyẹn jẹ́ bíi gíráàmù 6.7. Sítóòfù lè ní àkọ́kọ́ kó má ní ìkejì. Kí olùrà rí orúkọ àti nọ́ńbà sítóòfù náà gan-an lórí àkọsílẹ̀ Defra, kó sì ka ohun ìdáná tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ohun ìdáná yẹn nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Àlòkù tí kò ní nọ́ńbà, tí ìwé rẹ̀ sì ti sọnù, kò yẹ ní rírà rárá ní agbègbè yìí, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Kí ni wọ́n ṣe sí sítóòfù tí wọ́n yọ̀ǹda tó fi ń gbé èéfín mì? Atẹ́gùn ni. Ojú ọ̀nà atẹ́gùn inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta. Ọ̀kan ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, òun ló ń mú iná ràn. Ìkejì ń gba òkè sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì ilẹ̀kùn, ó ń jẹ́ kí gíláàsì mọ́, ó sì ń pàdé gáàsì tó ń gòkè bọ̀. Ìkẹta ń gba àwọn ihò kéékèèké tó wà lára ògiri ẹ̀yìn, ó ti gbóná kó tó wọlé, ó sì ń ran gáàsì tó bá ṣẹ́ kù. Àwọn bíríkì tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru ibẹ̀ lọ sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn sítóòfù yìí, wọ́n fi irin kékeré kan dí ọ̀pá tí à ń fà láti dín atẹ́gùn kù, kó má bàa ṣeé tì pa pátápátá. Ẹni tó bá yọ irin yẹn kí iná lè sùn mọ́jú ti yọ ìyọ̀ǹda òfin kúrò lára sítóòfù rẹ̀.

Èyí tó ń jẹ igi tó tún ń jẹ èédú, tí wọ́n ń kọ multifuel sí lára ní ṣọ́ọ̀bù, ní ìṣòro tirẹ̀ láti yanjú. Igi fẹ́ràn láti máa jó lórí eérú ara rẹ̀, kí atẹ́gùn wá bá a láti òkè. Èédú kò rí bẹ́ẹ̀: abẹ́ ló fẹ́ kí atẹ́gùn gbà, bí eérú bá sì dí i, iná á kú. Ìdí nìyẹn tí sítóòfù yìí fi ní irin alálàfo nísàlẹ̀, tí èèyàn lè mì kí eérú jọ̀ sínú àwo. Bí igi bá kàn, wọ́n á ti àlàfo náà pa tàbí kí wọ́n fi eérú sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí èédú bá kàn, wọ́n á ṣí i. Kò dára kéèyàn da méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí omi inú igi àti imí ọjọ́ inú èédú lè di ásíìdì tó ń jẹ páìpù irin inú ihò èéfín. Ẹni tó bá mọ̀ pé igi nìkan ni òun máa jó, sítóòfù onígi lásán sàn fún un. Èyí tó ń jẹ méjèèjì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ iná tí yóò wà títí di òwúrọ̀ ní òru òtútù, nítorí èédú tí kò rú èéfín lè ṣe bẹ́ẹ̀. Igi tí wọ́n fi atẹ́gùn pọ́n lójú kò lè ṣe é láìrú èéfín.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ńlá ló dára, torí òtútù ìlú òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ń lò rọrùn: kí wọ́n fi gígùn yàrá sọ ìbú rẹ̀ di púpọ̀, kí wọ́n tún fi gíga rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ní mítà, kí wọ́n sì fi 14 pín in. Pálọ̀ tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó ga ní mítà 2.4, jẹ́ 48. Bí a bá fi 14 pín in, kílówáàtì 3.4 ló kù. Ẹni tó bá gbé sítóòfù kílówáàtì 8 sínú yàrá yẹn á máa làágùn, á sì dín atẹ́gùn kù kí ara lè tù ú. Ibẹ̀ ni iná á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́, gíláàsì á dúdú, ọ̀dà á lẹ̀ mọ́ ihò èéfín, ọ̀dà náà sì lè gbiná lọ́jọ́ kan. Sítóòfù kékeré tó ń jó tagbáratagbára mọ́ ju ńlá tó ń tòògbé lọ.

Ìdí mìíràn tún wà tí kékeré fi dára. Nínú ilé àtijọ́, sítóòfù tó bá ju kílówáàtì 5 lọ nílò ihò atẹ́gùn tí kò ṣeé tì lára ògiri: mílímítà onígun mẹ́rin 550 fún kílówáàtì kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí 5. Ilé tuntun tí atẹ́gùn kì í ráyè wọ̀ nílò rẹ̀ kódà fún èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀. Bákan náà, páìpù ihò èéfín tó fẹ̀ tó mílímítà 150 ni ìlànà ilé kíkọ́ ń béèrè fún sítóòfù lásán, ṣùgbọ́n 125 tó fún èyí tó bá yege fún agbègbè ìdènà èéfín. Níbi tí ihò àtijọ́ bá ti há, ìyàtọ̀ kékeré yẹn lè gba owó iṣẹ́ ńlá sílẹ̀.

Ẹni tí yóò fi í sílé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnikẹ́ni ṣáá. Oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bíi HETAS lè buwọ́ lu iṣẹ́ ara rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ṣe é, káńsù gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tó bá tibẹ̀ jáde, kí onílé tọ́jú rẹ̀, nítorí wọ́n á béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ta ilé. Aago tó ń kígbe bí gáàsì carbon monoxide bá wọ yàrá jẹ́ dandan. Gáàsì yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani lójú oorun.

Gbogbo èyí á di asán bí igi bá tutù. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ omi tó ìdajì ìwúwo rẹ̀, ìyẹn ni pé kìlógíráàmù kan igi ti gbé ìdajì lítà omi wọ inú iná. Ooru tó máa mú wá á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti igi gbígbẹ. Ní England, igi tí wọ́n bá ń tà ní ìwọ̀nba, tí kò tó mítà kúbíìkì 2, gbọ́dọ̀ ní omi tí kò ju ìdá 20 nínú 100 lọ, àmì Ready to Burn á sì wà lára àpò rẹ̀. Èédú ilé tó máa ń rú èéfín dúdú, wọn ò gbọ́dọ̀ tà á fún ìdáná ilé mọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ẹni tó bá ń gé igi tirẹ̀, kó là á, kó tò ó síbi tí òjò ò ti ní pa á tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, fún ọdún kan tàbí méjì. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú igi kò wọ́n. Kí wọ́n tún igi là, kí wọ́n sì wọn àárín rẹ̀. Ara òde máa ń purọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí òǹtajà kì í fẹ́ sọ. Sítóòfù tí wọ́n yọ̀ǹda náà ṣì ń tú eruku tó kéré jọjọ, tí ojú kò rí, tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láti fi igi kún un, díẹ̀ ń dà sínú yàrá. Ilé tí ọmọ tó ní ikọ́ fée (asthma) tàbí àgbàlagbà tí mímí ń ni lára wà, tí ẹ̀rọ amúlégbóná sì ti wà níbẹ̀, kò nílò rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá ti rà á ti gbé e sílé, ọ̀nà kan wà tó fi lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dára. Kó fi igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ sí òkè, èyí tó nípọn sí ìsàlẹ̀, kó ṣáná sí orí rẹ̀, kó sì ṣí atẹ́gùn gbàgà. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, kó bọ́ sí ìta kó gbójú sókè wo òrùlé. Bó bá jẹ́ pé ooru nìkan ló ń gbọ̀n lókè ihò náà, ó dára. Funfun tó ń yọ tó sì ń pòórá kíákíá jẹ́ oru omi. Bó bá jẹ́ àwọ̀ eérú tàbí búlúù ló ń fà gbọọrọ lọ sójú fèrèsé aládùúgbò, ọ̀dà ni: kó padà wọlé, kó fi atẹ́gùn kún iná náà.