Ohun tí kì í jẹ́ kí àkàrà tú sépo

Bí àṣírí bá tú, Yorùbá á ní àkàrà ti tú sépo. Ẹni tó bá ti dín àkàrà rí kò nílò àlàyé. Ó bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú òróró gbígbóná, kàkà kó ká ara rẹ̀ jọ kó sì léfòó, ńṣe ló fọ́n ká bí iyanrìn, èérún bo ìsàlẹ̀ agbada, òróró sì dúdú. Láàárọ̀ Sátidé tí ògì ti délẹ̀ tí gbogbo ilé ń wo ojú ẹni tó wà nídìí iná, ibẹ̀ ni ẹnìkan ti máa ń sọ pé, "Ẹ kúkú fọ́ ẹyin méjì sí i." Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ nǹkan ti bàjẹ́ kí ẹyin tó dé.

Ẹyin níṣẹ́ tó ń ṣe nínú oúnjẹ díndín. Bí èèyàn bá rẹ́ kábéèjì àti karọ́ọ̀tì, tó bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ẹyin ló máa so wọ́n. Omi ni nígbà tó wọ inú abọ́, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti ń kọjá ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, funfun inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, á sì di gbogbo ohun tó bá nínú abọ́ mú. Pùrótéènì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀wà ní tirẹ̀ kì í yá pùrótéènì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: nínú ẹ̀wà gbígbẹ, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ ni pùrótéènì. Òun kan náà ló ń mú atẹ́gùn dání nígbà tí a bá ń po ẹ̀wà, òun náà ló ń dì nígbà tó bá kan òróró. Ọ̀jọ̀jọ̀ pàápàá ní ohun tó ń so ó pọ̀. Ewùrà tí a rin máa ń yọ̀, ó sì máa ń fà, fífà yẹn ló so ó pọ̀ mọ́ ata àti àlùbọ́sà inú rẹ̀.

Ibi rírẹ ni ìjàǹbá ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Omi tí a fi ń bó ẹ̀wà kò ju ti ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ, kí èèpo rọ̀ kí inú má tíì mu omi yó. A ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, a ó da omi lé e, èèpo á léfòó, a ó sì dà á nù, títí kò fi ní ku ojú dúdú kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí la ó tún un rẹ fún bíi wákàtí kan kó lè kúnná dáadáa.

Lílọ̀ ló ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Bléńdà kì í fẹ́ yí láìsí omi, nítorí náà wọ́n á bu omi, wọ́n á tún bu omi, títí ẹ̀wà á fi máa ṣàn bí ògì. Ẹ̀wà tó bá ti ṣàn báyìí, kò sí bí a ṣe lè pò ó tó, atẹ́gùn kò ní dúró nínú rẹ̀. Ọlọ kò ní wàhálà yìí, ìyá àgbà tó ń fi ọlọ lọ ẹ̀wà kì í fi ju omi ìtọ́wọ́bọ̀ lọ. Ọgbọ́n tó wà fún oníbléńdà ni kó kọ́kọ́ da ata rodo, tàtàṣé àti ìdajì àlùbọ́sà sínú rẹ̀, kí omi ara wọn jẹ́ kí abẹ yí, kó tó máa da ẹ̀wà sí i díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fi ṣíbí bù ú, ó gbọ́dọ̀ dúró lórí ṣíbí bí òkìtì, kó sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Pípò ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ń gún un nínú odó, àwọn kan ń fi ṣíbí onígi lù ú, àwọn kan sì ń lo míkísà. Wọ́n ní apá kan ṣoṣo ni kí á máa yí i sí. Kí ọwọ́ má ṣáà dúró ni tiwa. Láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10, àwọ̀ rẹ̀ á mọ́lẹ̀ sí i, á wú sókè nínú abọ́, á sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Kí á tó gbé agbada kaná, kí á já bín-ín-tín sínú ife omi. Bó bá rì, ọwọ́ kò tíì tó. Bó bá léfòó, ó ti tó. Ìgbà yìí ni iyọ̀ àti àlùbọ́sà rírẹ́ tó kù ń wọlé, kì í ṣe ṣáájú, nítorí iyọ̀ á fa omi ara àlùbọ́sà jáde, omi yẹn á sì tún tú ohun tí a ti lù wú. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀fọ́ nínú tirẹ̀ lè fi ìkúnwọ́ kan sí i, àmọ́ kó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kó sì fún omi rẹ̀ dànù gidigidi.

Òróró tó bá gbóná tó, bíi 175 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á mú kí àlùbọ́sà tí a jù sínú rẹ̀ ké ṣáá lójú ẹsẹ̀. Omi inú ẹ̀wà á di ooru gbígbóná, á máa tì jáde, òun ni kì í jẹ́ kí òróró ráyè wọlé. Bí òróró bá tutù, àkàrà á mu ún bí kànrìnkàn. Bó bá gbóná jù, ẹ̀yìn á jóná nígbà tí inú ṣì tutù. Kí á má kó o kún agbada, kí á sì máa lu èyí tó kù nínú abọ́ láàárín dídín kan sí èkejì, torí atẹ́gùn ń sá.

Ibo wá ni ẹyin wúlò sí? Nínú ìyẹ̀fun ẹ̀wà inú ọ̀rá ni, irú èyí tí àwọn ará wa ní London àti Houston máa ń rà. Ẹ̀wà tí a lọ̀ ní gbígbẹ máa ń kúnná jù, kì í sì gba atẹ́gùn bí èyí tí a lọ̀ ní tútù. Kí á lu funfun inú ẹyin kan tàbí méjì títí á fi dúró, kí á sì rọra rò ó mọ́ ọn, àkàrà á wú. Kí á fi pupa rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyin díndín ẹ̀gbẹ́ abọ́, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí funfun wú. Ẹni tó bá fọ́ odindi ẹyin sínú ẹ̀wà tó ti ṣàn tẹ́lẹ̀, omi ló tún fi kún omi, àkàrà rẹ̀ á sì máa rí bíi bọ́ọ̀nsì lẹ́nu. Inú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni ilé ẹyin.

Ní Salvador, ní Bahia ti Brazil, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ṣì ń ta àkàrà yìí lẹ́bàá ọ̀nà. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà bíbó, àlùbọ́sà àti iyọ̀ ni, kò sí ẹyin, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Bó bá ti jinná, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á fi vatapá, ìyẹn ọbẹ̀ kíki kan ti ilẹ̀ Bahia, àti edé gbígbẹ há a láàárín.

Lílà yẹn yẹ kó bá àkàrà àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú agbada wa náà. Bí inú rẹ̀ bá kún fún ihò wẹ́wẹ́, kí á máa dín in lọ. Bó bá dì gbagidi bíi mọ́ínmọ́ín, kí á gbé agbada sọ̀ kalẹ̀ ná, kí á sì padà sídìí abọ́ ẹ̀wà.