Chen Wen Hsi

Chen Wen Hsi (9 Oṣù Kẹsàn-án 1906 – 17 Oṣù Kejìlá 1991) jẹ́ ayàwòrán àti olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Jieyang, ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà. Síngápọ̀ ni ó ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí. Chen ni orúkọ ìdílé rẹ̀, nítorí orúkọ ìdílé ni àwọn ará Ṣáínà máa ń fi ṣáájú.

Ní 1928 ó lọ kọ́ àwòrán yíyà ní Shanghai. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ni ó bá kọjá sí Xinhua, níbi tí Pan Tianshou, ọ̀gá nínú àwòrán tàdáwà, wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1940 ó dé Síngápọ̀, ó sì di olùkọ́ ní Chinese High School àti ní Nanyang Academy of Fine Arts. Ní 1952, òun pẹ̀lú Liu Kang, Chen Chong Swee àti Cheong Soo Pieng rìnrìn àjò lọ sí erékùṣù Bali. Àwọn àwòrán tí wọ́n mú bọ̀, tí wọ́n sì pàtẹ ní 1953, ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà ìyàwòrán Nanyang, èyí tí ó po ìlànà Ṣáínà mọ́ ti Yúróòpù.

Chen ya lékeléke, ó ya ẹja, ó sì fi ọ̀dà ya ènìyàn tí ara wọn dà bí ègé igi tí a gé ní ìgun mẹ́ta mẹ́ta. Síbẹ̀, gibbon, ìnàkí kékeré alápá gígùn, ni òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ẹ̀dà àwòrán Muqi, ẹlẹ́sìn Búdà tí ó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 1200 sí 1300, ni ó kọ́kọ́ ń wò yà á, láìtíì fojú kan ẹranko náà rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n àjèjì kan ló là á yé e pé gibbon yàtọ̀ sí ọ̀bọ, pé kò ní ìrù. Chen ra ọ̀kan, ó ń sìn ín nínú ọgbà ilé rẹ̀, ó sì fi àwọn mìíràn kún un, kí ó lè máa wo bí wọ́n ṣe ń fì láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Nínú àwòrán rẹ̀, tàdáwà tí ó rọra ń tàn lórí bébà ni irun wọn. Ojú wọn kò ju ìlà bíi mélòó kan lọ.

Ìjọba Síngápọ̀ fi oyè Public Service Star dá a lọ́lá ní 1964, yunifásítì ìlú náà sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní 1975. Gibbon méjì tí ó yà láàárín ìtàkùn wà lẹ́yìn owó bébà 50 dọ́là tí Síngápọ̀ gbé jáde ní 1999, pẹ̀lú àwòrán ẹja oníyọ̀ tí wọ́n ń sá, iṣẹ́ ọwọ́ Cheong Soo Pieng tí wọ́n jọ lọ sí Bali.