Gbòǹgbò kẹta lábẹ́ èrìgì: ṣé ogún ará ìgbàanì ni?

Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé pé àwọn rí gbòǹgbò mẹ́ta lábẹ́ èrìgì ìsàlẹ̀ kan (eyín ńlá ẹ̀yìn ẹnu tí a fi ń lọ oúnjẹ) nínú egungun àgbọ̀n Denisova, ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ tó ti parun. Inú ihò àpáta kan ní Xiahe, lórí òkè Tibet, ni wọ́n ti rí egungun náà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò dín ní 160,000 ọdún. Látìgbà náà ni àwọn tí dókítà eyín bá sọ fún pé wọ́n ní gbòǹgbò mẹ́ta ti ń béèrè irú ẹ̀dá tí wọ́n jẹ́.

Gbòǹgbò mélòó ló yẹ kó wà?
Méjì fún èrìgì ìsàlẹ̀, mẹ́ta fún tòkè. Tí tòkè yín bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ má pe oníròyìn.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ Denisova ló wà lára mi?
Ẹ rọra. Ohun tí wọ́n rí ni pé gbòǹgbò yìí wọ́pọ̀ láàrin àwọn ará Éṣíà kan àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ju 40 nínú 100 lọ níbòmíràn, nígbà tí kò tó 4 nínú 100 láàrin àwa yòókù. Wọ́n wá ní ó jọ ogún. Lọ́dún 2020 àwọn onímọ̀ mìíràn ta kò wọ́n: èrìgì kejì ni ti Denisova wà, èrìgì kìíní ló sì sábà máa ń wà lẹ́nu tiwa. Àríyànjiyàn nìyẹn. Yorùbá tó bá ní gbòǹgbò kẹta kò nílò baba ńlá kankan láti Tibet. Carabelli, oníṣègùn eyín ní Vienna, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1844, nígbà tí kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ orúkọ Denisova.

Ṣé àìsàn ni?
Rárá. Bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn.

Kí ló dé tó fi ń yọ dókítà lẹ́nu nígbà root canal?
Nínú root canal, dókítà á kó ẹran rírọ̀ tó ti jẹrà kúrò nínú eyín, á fọ gbogbo ihò tó gba inú gbòǹgbò kọjá, á sì dí wọn pa. Ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń wà. Gbòǹgbò kẹta ní ihò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n sá pamọ́. Apá ẹ̀yìn eyín ló máa ń wà, níhà ahọ́n. Ó kúrú, ó sì máa ń tẹ̀ bí ìkọ́. Tí wọ́n bá ya ẹ̀síréè lọ́gangan, gbòǹgbò ẹ̀yìn á bò ó, bí ọmọ tó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí àlejò dé. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń dá ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kó tó ya àwòrán kejì, tí á sì tún fẹ ojú ihò tó lu sórí eyín kó lè wá a. Irin tín-ínrín tí wọ́n fi ń fọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀. Èyí tó bá le lè kán síbi kọ́rọ́, tàbí kó lu gbòǹgbò já. Tí wọn ò bá wá rí ihò náà rárá, kòkòrò á máa gbé ibẹ̀ láìsan owó ilé.

Mo ti ṣe é tipẹ́, eyín ọ̀hún ṣì ń dùn mí.
Ìrora ọjọ́ mélòó kan kì í ṣe tuntun. Tó bá di oṣù, ẹ padà lọ. Ó lè jẹ́ ihò tí wọn ò rí, ó lè jẹ́ pé eyín ti sán, tàbí pé ohun tí wọ́n fi dí i ń jò. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n lè tú u, kí wọ́n tún un ṣe.

Ṣé kí n kúkú yọ ọ́?
Ẹni tó sá fún root canal nítorí gbòǹgbò kẹta á tún bá a níbi yíyọ. Ìkọ́ kékeré yẹn lè kán sínú egungun.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ̀rù bà mí?
Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú dé abẹ́ àgbọ̀n tàbí ọrùn, tí ara ń gbóná, tí ẹnu kò ṣeé là dáadáa, tàbí tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má da ògógóró sí eyín náà. Tí ẹ bá sì da omi bátìrì sí i, ẹran ẹnu yín ló máa bó.