Bí wọ́n ṣe ń ka reps kettlebell, àti ìdí tí iye ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò

Bí wọ́n ṣe ń di kettlebell mú, irin rìbìtì tó ní ọwọ́ lókè tí wọ́n fi ń ṣe eré ìmárale, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìbàdí jù ú, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn, fídíò ẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Ibi tó dùn mọ́ mi nínú nǹkan yìí ni ìwé kékeré tó máa ń wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ reps sí, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n gbé e, torí inú ìwé yẹn ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Ẹni tó ń gbé barbell, ọ̀pá irin gígùn tí wọ́n ń ki irin bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó bá fẹ́ fi kílò kan tàbí méjì kún un, á kàn ki irin pẹlẹbẹ kékeré bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Kettlebell ò gba irú ẹ̀. Odindi irin kan ni, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ náà ló máa wà. Ní Rọ́ṣíà tó ti wá, púùdù ni wọ́n fi ń sọ ìwúwo ẹ̀, púùdù kan sì jẹ́ kílò 16 ó lé díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 16, 24 àti 32 làwọn tó wọ́pọ̀ látijọ́: púùdù kan, púùdù kan ààbọ̀, púùdù méjì. Láti 16 bọ́ sí 24, ìdajì odindi lo fi kún un lẹ́ẹ̀kan náà o! Kódà báyìí tí 20 àti 28 ti wà, ẹni tó kúrò ní 16 lọ sí 20 ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un. Irin ò lè yí, kíkà ló máa yí. Èmi rò pé àìní yìí gan-an ló sọ nǹkan náà di ọlọ́gbọ́n, torí ó fi dandan mú èèyàn láti máa fi orí gbé e kó tó fi ọwọ́ gbé e.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni àwọn tó gbà pé iye tòní gbọ́dọ̀ ju tàná lọ, tí kò bá jù ú lọ, wọ́n ní àwọn ti fi ọjọ́ náà ṣòfò. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ wò. Tẹ́nì kan bá press, ìyẹn kó ti irin láti ejìká lọ sókè orí, ní ìgbà 5 lónìí, tó ń fi ẹyọ kan ṣoṣo kún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó tó pé ọdún kan á ti lé ní 150 láìgbé e sílẹ̀. Ejìká ta ni?

Èkejì ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ intensity. Ọ̀pọ̀ gbà pé tí òógùn bá ti bò wọ́n tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, intensity ti pọ̀ nìyẹn. Rárá o, ìyẹn rírẹ̀ ni. Lẹ́nu àwọn tó ń gbé irin, bí irin ṣe wúwo tó sí èyí tó pọ̀ jù tí apá ẹ ká ni. Ká ní 32 ni èyí tó o lè press lẹ́ẹ̀kan péré, 20 jẹ́ nǹkan bí 62 nínú ọgọ́rùn-ún, 24 jẹ́ 75, 28 jẹ́ 87. O lè gbé 28 lẹ́ẹ̀kan, kó o sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó o tún gbé e lẹ́ẹ̀kan, òógùn kan ò ní jáde, síbẹ̀ intensity tó ga nìyẹn. Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi fọkàn tán àròpọ̀ kílò tí wọ́n fi ń yangàn. Kílò 24 lọ́nà 100 jẹ́ 2,400. Kílò 16 lọ́nà 150 náà jẹ́ 2,400. Ẹni tó bá ti ṣe méjèèjì mọ̀ pé ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Irin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà tiẹ̀ nínú ìwé.

Ó yá, bó ṣe ń lọ rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ mú iye gbogbo oṣù, ká ní press 400. Wọn ò ní pín in ní 100-100 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á pín in gẹ́gẹ́ bí ìgbì: 88, 112, 140, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn wá já wálẹ̀ sí 60. Nínú ọ̀sẹ̀ tó ní 140 yẹn náà, wọn ò ní pín in dọ́gba, ọjọ́ tó wúwo lè gba 70, ọjọ́ tó fúyẹ́ 28, ọjọ́ àárín 42. Ìgbì inú ìgbì.

Òjò ni mo máa ń fi wé. Ilẹ̀ tí òjò kékeré, ìwọ̀n kan náà, ń rọ̀ sí lójoojúmọ́, òkè òkè ni omi ẹ̀ ń wà, òkè náà sì ni gbòǹgbò á sùn sí, kí ló ń wá nísàlẹ̀? Ṣùgbọ́n tí òjò bá dà wàà lónìí, tó dá lọ́la, tó tún ṣẹ́ díẹ̀ lọ́tùnla, omi á wọlẹ̀, gbòǹgbò á tẹ̀ lé e lọ. Ọjọ́ tí òjò dá yẹn ni gbòǹgbò ń rìn. Ẹni tó bá wá rí i pé òjò dá lónìí tó sáré gbé korobá omi jáde, ó ń da ewéko láàmú ni, omi á pọ̀ jù, gbòǹgbò á jẹrà, ewé á… ó dáa, ẹ jẹ́ n fi òjò sílẹ̀, èmi kì í ṣe àgbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọjọ́ tó fúyẹ́, kó fúyẹ́. Àwọn èèyàn máa ń tijú ẹ̀, wọ́n á ní 28 kéré, wọ́n á fi 30 mìíràn lé e, ọjọ́ tó wúwo á wá bá wọn pẹ̀lú ejìká tó ti rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ kan náà ìgbì ṣì wà, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àkàbà: gbé e lẹ́ẹ̀kan, sinmi, ẹ̀ẹ̀mejì, sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta, sinmi, kó o tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Mẹ́fà ni àkàbà kan, márùn-ún ẹ̀ jẹ́ 30. Ẹni tó ń ṣe mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà márùn-ún náà á dé 30, àmọ́ mẹ́fà kẹrin ẹ̀ á ti máa rí wọ́gọwọ̀gọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni orí àkàbà, gbogbo ìgbà tó bá padà sí ọ̀kan ló ń rí ìsinmi jẹ láìdúró. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ní tí apá ẹ bá ká mẹ́wàá, mẹ́ta sí mẹ́fà ni kó o máa ṣe nínú sẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn kó o tó gbé irin sílẹ̀ sinmi.

Swing, ìyẹn kí wọ́n fi ìbàdí ju irin láti àárín ẹsẹ̀ síwájú, ló wá ń da ètò yìí rú díẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń wọn swing tó wúwo jù tí òun lè ṣe lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìdá kankan tí wọ́n máa ṣírò. Níbẹ̀, ọgbọ́n mìíràn ni: fi ọwọ́ kan jù ú dípò méjì, tàbí kó o jù ú pẹ̀lú agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kílò 24 tí ìbàdí ta sókè gidi ń ti ilẹ̀ ju 24 tí wọ́n kàn ń mì lọ. Ìwé ò mọ ìyàtọ̀ yẹn, 10 ni 10 lójú ẹ̀. Ìwé ò sì mọ̀ pé o ò sùn lóru.

Kíkà fúnra ẹ̀ tún ní wàhálà. Press márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ṣé márùn-ún ni àbí mẹ́wàá? Èyí tó bá wù ẹ́, sá má yí i padà láàárín oṣù. Èémí sì máa ń gba kíkà lọ́wọ́ èèyàn, nǹkan bíi swing 60 o ò ní mọ̀ bóyá 50 ni àbí 70, ìyẹn ni àwọn kan fi ń to òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀, tí wọ́n bá ti ṣe mẹ́wàá wọ́n á sún ọ̀kan sí òdì kejì.

Tí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, tó ní press 60 yẹn, bá parí, wọ́n á gbìyànjú irin tó tẹ̀ lé e. Ká ní ẹni tó jẹ́ pé 28 ni òpin ẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá gbé 32 sókè: 24 tó jẹ́ nǹkan bí 86 fún un lóṣù tó kọjá ti di 75. Á fa ìlà pa “wúwo” tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á kọ “àárín” sí i, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò 400 mìíràn.