Táábò tí wọ́n tún ṣe tó tún ń tú èéfín: ta ló jẹ̀bi?

Ní Apo Mechanic Village níbí ní Abuja, bí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì bá ti ń tú èéfín, tí kò sì lè gun òkè mọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn: "Táábò ti lọ." Wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe, owó á jáde, táábò á padà dé, á máa dán bíi tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì, èéfín ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tún un ṣe ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bú. Ó máa ń tọ́ sí wọn nígbà mìíràn o. Àmọ́ èyí tí mo rí jù ni pé ohun tó pa táábò àkọ́kọ́ ṣì wà lára ọkọ̀, òun náà ló ń pa ìkejì.

Kí tiẹ̀ ni táábò? Fáànù méjì ni, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé tó rí bí ìkarahun ìgbín. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lára ẹńjìnnì ló ń yí fáànù kìíní. Bí ìyẹn ṣe ń yí ni ìkejì ń yí, tó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú fílítà, tó ń kì í bọ inú ẹńjìnnì. Afẹ́fẹ́ pọ̀, dísẹ́ẹ̀lì jó dáadáa, agbára dé. Alfred Büchi, ẹnjiníà ará Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí ní 1905.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni kí ẹ fojú sí. Ẹńjìnnì váànù fúnra rẹ̀ kì í sábà yí kọjá ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan. Irin táábò ń kọjá 100,000, àwọn kéékèèké sì lè dé 200,000. Irin ò lè máa ha irin lára ní irú eré bẹ́ẹ̀. Orí ọ́ìlì ló ń léfòó sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fọwọ́ mi í sí ẹ̀gbẹ́, á mì díẹ̀. Àyè ọ́ìlì nìyẹn, kò léwu. Bí ẹ bá tì í síwá sẹ́yìn tó sì sún tí ọwọ́ mọ̀ ọ́n, ìyẹn ti bàjẹ́.

Àlàájà kan tó ń kó búrẹ́dì láti Kubwa lọ sí Gwagwalada gbé váànù rẹ̀ wá bá mi. Táábò ẹlẹ́ẹ̀kejì láàrin oṣù mẹ́ta. "Ọ̀gá, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé kí n ta ọkọ̀ yìí ni?" Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀ ná, Àlàájà. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀." Mo tú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ọ́ìlì wá sí táábò, mo fẹnu fẹ́ ẹ. Kò gbà. Mo ti wáyà bíréèkì ọ̀kadà bọ̀ ọ́. Ohun tó ń já bọ́ sórí páálí dà bí èépá ìdí ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná sí: ó dúdú, ó gbẹ, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ní ẹnu ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọ táábò, gọ́ọ̀mù pupa tí ẹnì kan fi lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì ti yọ wọnú, ó dí i dé ìdajì. Gọ́ọ̀mù ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀! Wọ́n pààrọ̀ táábò lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fọwọ́ kan páìpù tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Àwa awakọ̀ ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì jóná mọ́ inú páìpù yẹn. A ó sáré láti Kaduna, a dé Zuba, a pa ẹńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì dúró sójú kan nínú irin tó gbóná janjan, ó yan. Bí ẹ bá jẹ́ kó wà lórí sílóò, kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó pa á, ó tó.

Páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà wà níbẹ̀ náà, àwọn èèyàn kì í rántí rẹ̀. Ọ́ìlì kàn ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ níbẹ̀ ni, kò sí ohun tó ń tì í. Bí páìpù bá ká, tàbí tí ihò tí ẹńjìnnì fi ń mí bá dí, ọ́ìlì á wá ibòmíràn gbà, á tú sínú èéfín. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí ẹ ń rọ ọ́ìlì nígbà tí ẹńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lórí sílóò. Bí atẹ́gùn bá ń tú jáde níbẹ̀ gìrìgìrì, ẹ kọ́kọ́ yẹ ihò yẹn wò. Bí kò bá dí, ẹńjìnnì gan-an ló ń ṣàìsàn.

Èéfín dúdú pẹ̀lú àìlágbára yàtọ̀ sí èyí tó ní àwọ̀ aró. Ti aró, ọ́ìlì ló ń jó. Ti dúdú, afẹ́fẹ́ ò tó: hóòsì tí wọn ò fún dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́, íńtákúlà (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ táábò tutù kó tó wọ ẹńjìnnì) tó ti ya, tàbí fílítà tí eruku ọyẹ́ ti dí. (Ẹni tó bá ń wakọ̀ láìsí fílítà níbí, eruku á jẹ etí fáànù bí ẹni fi ayùn rẹ́ ẹ.) Bí ọkọ̀ bá sì ń rìn bí ìgbín, tí ẹ pa á, tí ẹ tún un tàn tí ara rẹ̀ yá, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló dín agbára kù. Ẹ bi ẹni tó tún un ṣe bóyá ó yí nọ́ọ̀tì kékeré tó ń díwọ̀n apá táábò, ìyẹn apá tó ń pinnu bí afẹ́fẹ́ tó ń tì ṣe máa pọ̀ tó.

Ọ̀kan tí mi ò fi ń ṣeré: ọ́ìlì táábò àtijọ́ tó ṣẹ́kù sínú íńtákúlà. Ẹńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ò nílò pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti pẹtiróòlù, ohunkóhun tó bá rí ló ń jó. Bí ó bá fa ọ́ìlì yẹn mu, ẹńjìnnì á máa ké sókè, kọ́kọ́rọ́ ò sì ní lè pa á. Ẹ tú íńtákúlà, ẹ ro gbogbo rẹ̀ dànù.

Ti Àlàájà, mo fi páìpù tuntun sí i, mo rọ ọ́ìlì sí ihò táábò, mo ń fọwọ́ yí fáànù títí ọ́ìlì fi ń kán nísàlẹ̀. A yí ẹńjìnnì láìjẹ́ kó tan kí ọ́ìlì lè gòkè, lẹ́yìn náà la tàn án. Èéfín aró bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àlàájà gbọ́wọ́ lérí. Mo ní ọ́ìlì tó ti wọ inú sàlẹ́ńsà tẹ́lẹ̀ ló ń jó dànù, kí a dúró. Nígbà tó fi máa tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ti ń rí ọkọ̀ tó wà ní òdìkejì, òun náà sì ti ń bá àwọn tó ń yan búrẹ́dì sọ̀rọ̀ lórí fóònù.