Ẹ̀yin màmá wa, ẹ má fi òùngbẹ pa ara yín torí ìtọ̀ tó ń jò

Màmá kan wà tó sún mọ́ mi gan-an, tí wọ́n bá ti mọ̀ pé àwọn máa jáde láàárọ̀, wọn ò ní fẹnu kan omi. Ẹ gbé omi fún wọn, wọ́n á ní "rárá o, mò ń jáde." Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á torí wọn ò sọ fẹ́nikẹ́ni. Ìtọ̀ ló ń jò lára wọn. Tí wọ́n bá wúkọ́, tí wọ́n bá sín, tí ọ̀rọ̀ kan bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó ti bọ́ nìyẹn, nígbà míì, ọwọ́ wọn á ti wà lára ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ìtọ̀ ò ní dúró dè wọ́n. Wọ́n wá rò ó pé omi tí àwọn ń mu ló ń jò yẹn, tí àwọn ò bá mu omi, kí ló máa kù tó máa jò?

Téèyàn bá gbọ́ ọ, ó jọ òótọ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣòroó yọ kúrò lọ́kàn àwọn ìyá wa. Àmọ́ kì í ṣe òótọ́, ó tún máa ń dá kún wàhálà náà ni.

Kíndìnrín ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ jáde. Ẹ mu omi o, ẹ ò mu o, ó máa ṣe ìtọ̀, torí ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ibì kan jáde. Ohun tó máa yàtọ̀ ni pé omi inú ìtọ̀ yẹn á kéré, á ki, á pọ́n, òórùn ẹ̀ á le. Ìtọ̀ tó ki bẹ́ẹ̀ máa ń ta àpò ìtọ̀ lára, bó ṣe ń ta á ni àpò ìtọ̀ á máa fún ara ẹ̀ pọ̀ nígbà tí kò tíì kún, ẹ ó kàn rí i pé ìtọ̀ ń gbọ̀n yín bíi pé odidi kẹ́ẹ̀gì omi lẹ mu, ẹ sáré débẹ̀, ìdajì ife ló jáde. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà tí ara ẹ̀ le lè gba nǹkan bíi 400 sí 600 mílílítà, ṣùgbọ́n tó bá ti mọ́ ọn lára pé díẹ̀ báyìí ni kó máa tú dà, ó máa ṣòro fún un láti gba púpọ̀ mọ́. Kò tán síbẹ̀. Téèyàn ò bá mu omi tó, ìgbẹ́ á gan, ibi tí ìgbẹ́ ń kóra jọ sí sì wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀, tó bá kún pa síbẹ̀ á máa tì í, èèyàn á tún máa gìn kó tó yàgbẹ́, gbogbo gígìn yẹn ló ń fa iṣan ìsàlẹ̀ tú. Kí n má tíì sọ ti òòyì tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí omi ò sí lára wọn, tí wọ́n á dìde lójijì tí wọ́n á ṣubú.

Tí kì í bá ṣe omi, kí wá ni?

Àwọn iṣan kan wà nísàlẹ̀ ikùn, láàárín egungun ìbàdí, àwọn ló gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ojú ọ̀nà ìgbẹ́ dání. Ẹ wò ó bí aṣọ tí èèyàn mẹ́rin di igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú. Ọmọ bíbí máa ń fa aṣọ yẹn, ọjọ́ orí náà ń fà á, nígbà tí nǹkan oṣù bá sì ti dá, ara ibẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ẹ bá wá gbé ẹrù lé e tọ̀sán tòru, ṣé kò ní rọ̀ ni? Ẹrù yẹn ni ọ̀rá ikùn. Obìnrin tó sanra, ikùn ẹ̀ ti ń tẹ àpò ìtọ̀ kó tó wúkọ́ rárá, ikọ́ kékeré tó wá hú yẹn kàn wá fi ìwọ̀nba tó kù kún un ni, ọ̀nà ìtọ̀ ò lè pa ara ẹ̀ dé mọ́.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Lọ́dún 2009, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde nínú New England Journal of Medicine, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, obìnrin 338 tó sanra ni wọ́n lò, ìtọ̀ sì ń jò lára olúkúlùkù wọn tó ìgbà 10 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Wọ́n kó àwọn kan wọ ètò oṣù 6 tí wọ́n ti ń ṣọ́ oúnjẹ tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá, àwọn tó kù, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìlera lásán ni wọ́n fún wọn. Àwọn ti àkọ́kọ́ fi bíi kílò 8 fọn, jíjò wọn sì fi pásẹ́ǹtì 47 dín kù, ti àwọn kejì fi 28 dín kù. Ẹ kíyè sí i pé àwọn obìnrin yẹn ò di pẹ́lẹ́ńgẹ́ o. Púpọ̀ nínú wọn lé ní 90 kílò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kílò 8 lára irú ìyẹn, aládùúgbò lè má tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn màmá tó ti sọ̀rètí nù gbọ́, pé kò dìgbà tẹ́ ẹ bá padà sí bí ẹ ṣe rí nígbà ọmọge.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ti èyí tó ń jò tí wọ́n bá wúkọ́ tàbí gbé nǹkan tó wúwo ló hàn jù nínú ìwádìí yẹn. Èyí tó ń gbọ̀n èèyàn lójijì tí kò ní jẹ́ kó débẹ̀, ti ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra láàárín àwọn méjèèjì. Irú ìyẹn, ohun téèyàn ń mu ni kó kọ́kọ́ wò.

Ẹ má tìtorí pé mo sọ pé kẹ́ ẹ fọn kẹ́ ẹ wá máa febi pa ara yín o. Ara àgbàlagbà tí kò jẹun, ẹran ara wà lára ohun tó ń lọ, ẹran ara yẹn náà lẹ sì fẹ́ fi dìde lórí àga kẹ́ ẹ fi tètè dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ dín ṣúgà, àwọn nǹkan dídín àti ohun mímu aládùn kù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin pọ̀ sí i nínú abọ́, kẹ́ ẹ sì máa rìn. Màmá tí kò sanra tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń rù láìmọ ìdí, ọ̀rọ̀ fífọn ò kàn wọ́n, dókítà ló kàn. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà náà ò gbọ́dọ̀ ṣàdédé gé oúnjẹ kù láì kọ́kọ́ bá dókítà sọ ọ́, kí ṣúgà ara ẹ̀ má lọ wálẹ̀ jù.

Ní ti mímu, omi kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Kọfí, tíì, àwọn ohun mímu agbára alágolo àti ọtí ni kẹ́ ẹ wò. Èròjà tó ń mú ojú èèyàn dá nínú kọfí àti tíì yẹn máa ń ti àpò ìtọ̀ ní ìtìkutì. Ẹ má dá a dúró lójijì, orí á fọ́ yín, ẹ yọ ife kan lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ yọ òmíì. Omi ní tiẹ̀, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ káàkiri ọjọ́, bíi lítà kan àbọ̀ tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àfi ẹni tí dókítà bá ti fún ní ìwọ̀n torí ọkàn tàbí kíndìnrín. Wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó sùn lẹ lè dín in kù, ibẹ̀ nìkan ni mo ti fara mọ́ dídín omi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yí àsìkò tẹ́ ẹ̀ ń lò ó padà.

Ẹ mú ìwé kékeré kan, ọjọ́ 3 péré, kẹ́ ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ mu, aago tẹ́ ẹ mu ún, aago tẹ́ ẹ tọ̀, àti ìgbà tó jò. Ẹ ó ya ara yín lẹ́nu. Ìwé yẹn náà lẹ máa gbé lọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Kẹ́ ẹ sì fi fífún iṣan ìsàlẹ̀ kún un, ẹ fún un bíi pé ẹ̀ ń mú ìsó dúró, ẹ tú u sílẹ̀, ìgbà 8 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ó kéré tán fún oṣù 3.

Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tó bá ń dùn yín tẹ́ ẹ bá ń tọ̀, tí ibà bá wà níbẹ̀, ẹ má jókòó sílé. Tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì pé ìtọ̀ ń jò tí ẹsẹ̀ sì ń kú tàbí abẹ́ ò mọ nǹkan lára mọ́, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ lọ.

Màmá tí mo sọ yẹn ṣì ń kó pádì sínú báàgì. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá wọn nídìí tábìlì, aṣọ òde ti wà lọ́rùn, wọ́n gbé ife omi kan, wọ́n mu ún tán lójú mi, wọ́n lọ tọ̀, wọ́n sì jáde lọ.